Bí ẹ ṣe lè pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín láì pàdánù nọ́ńbà tẹlifóònù orí wáyà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó pàdánù nọ́ńbà tẹlifóònù ilé wọn nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ẹ̀rọ ló já wọn kulẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ pe ilé-iṣẹ́ àtijọ́ pé àwọn kò ṣe mọ́, wọ́n ní kí ó ti ìlà náà pa, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó lọ bá ilé-iṣẹ́ tuntun sọ̀rọ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni kí ènìyàn dágbére kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí, ìdágbére yẹn gan-an ló ń pa nọ́ńbà.

Ìdí rẹ̀ ni pé nọ́ńbà kò sí nínú wáyà, kò sì sí nínú fóònù tó jókòó sórí tábìlì. Àkọsílẹ̀ ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, tó ń sọ pé ìpè tó bá wá sí nọ́ńbà báyìí, ibi báyìí ni kí wọ́n darí rẹ̀ sí. Níwọ̀n ìgbà tí àdéhùn yín bá ṣì wà láàyè, àkọsílẹ̀ náà wà lórúkọ yín, ilé-iṣẹ́ mìíràn sì lè béèrè pé kí wọ́n gbé e wá fún òun. Bí àdéhùn bá kú, nọ́ńbà náà á padà sínú àpò àwọn nọ́ńbà tí kò ní olúwa, bó bá sì pẹ́ díẹ̀, wọ́n lè fi fún ẹlòmíràn. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe lórí ìbánisọ̀rọ̀ ní ọdún 2018 fún oníbàárà ní oṣù kan, ó kéré tán, lẹ́yìn tí àdéhùn bá parí, láti fi gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ààbò ìkẹyìn ni èyí, kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé ètò rẹ̀ lé, kò sì sí irú rẹ̀ níbi gbogbo.

Gbogbo ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e yìí dúró lórí kókó kan: ilé-iṣẹ́ tuntun ni kí ó lọ gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ti àtijọ́, nígbà tí ìlà àtijọ́ ṣì ń dún.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú okùn tó wọ ilé yín

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni íntánẹ́ẹ̀tì kì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo wọ ilé. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ni wáyà bàbà méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀, tó jẹ́ pé tẹlifóònù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fà á. Lórí wáyà yìí, ohùn ènìyàn ń gba ìsàlẹ̀, láàárín nǹkan bíi 300 Hz sí 3,400 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní DSL sì ń gba òkè rẹ̀ kọjá. Asẹ́ kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kò jẹ́ kí ọ̀kan máa da èkejì láàmú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fáíbà, okùn dígí tín-ín-rín tó ń gbé ìmọ́lẹ̀, tó sì parí sínú àpótí kékeré kan lára ògiri tí wọ́n ń pè ní ONT. Òmíràn ni okùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fà wọ ilé, tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwòrán. Èyí tó kù kò ní okùn rárá: ráútà (ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri inú ilé) tó ní káàdì SIM nínú ni, tó ń gba 4G tàbí 5G láti ojú afẹ́fẹ́.

Ẹni tó wà lórí wáyà bàbà ló yẹ kó ṣọ́ra jù, nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ àti DSL rẹ̀ jọ ń gbé orí wáyà kan náà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí nọ́ńbà bá ti kúrò lórí wáyà yẹn, ńṣe ni wọ́n máa ń ti ìlà náà pa, íntánẹ́ẹ̀tì á sì bá a lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé nọ́ńbà nìkan ni òun ń gbé lọ sí ibòmíràn, tí kò sì tíì ní íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn nílẹ̀, lè jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ó bá ilé rẹ̀ láìní ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Lórí fáíbà, okùn tẹlifíṣọ̀n àti 4G, tẹlifóònù kì í sábà ní wáyà tirẹ̀ mọ́. Wọ́n ti sọ ohùn di dátà tó ń gba inú íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní VoIP. Kò sí ìdí láti bẹ̀rù pé ìpè á jẹ íntánẹ́ẹ̀tì tán, nítorí pé ohùn ìpè kan, ní ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù tí wọ́n ń gbà dì í, kò ju 64 kbit/s (ẹgbẹ̀rún bíìtì 64, ìyẹn ìwọ̀n dátà, ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) lọ, kò sì pé 100 kbit/s kódà bí a bá ka ohun tí wọ́n fi wé e mọ́ ọn. Ìyípadà yìí kò yọ àwọn tó wà lórí bàbà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìparí oṣù kìíní ọdún 2027 ni wọ́n dá fún pípa ètò tẹlifóònù àtijọ́ orí bàbà. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ lónìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ máa ti orí tẹlifóònù àtijọ́ bọ́ sí orí VoIP lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ kò tilẹ̀ béèrè fún un.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó ìwé yín jọ

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹ tó bá ilé-iṣẹ́ kankan sọ̀rọ̀, ẹ wá bíìlì tó dé kẹ́yìn, kí ẹ sì da ohun mẹ́rin kọ sílẹ̀ láti ojú rẹ̀: orúkọ tó wà lórí àkáǹtì bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an, àdírẹ́sì tí ìlà náà wà, nọ́ńbà àkáǹtì, àti nọ́ńbà tẹlifóònù pẹ̀lú kóòdù agbègbè rẹ̀. Ẹ má fi orí kọ ọ́, nítorí pé ohun tí ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ní lákọsílẹ̀ ni wọ́n máa fi wé ìbéèrè yín, kì í ṣe ohun tó jẹ́ òtítọ́ ní ilé yín. Bí wọ́n bá ti kọ orúkọ yín sódì láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, orúkọ sódì náà ni ẹ máa lò.

Ibi tí ó ti máa ń há jù ni ìlà tó wà lórúkọ ẹlòmíràn: bàbá tó ti di olóògbé, ọkọ tàbí aya tí kò gbé inú ilé náà mọ́. Ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ àtijọ́ yí orúkọ náà padà sí tiyín ná, kí ẹ sì ní sùúrù títí wọn yóò fi sọ fún yín pé iṣẹ́ náà ti parí. Bí iṣẹ́ kan bá ṣì ń lọ lọ́wọ́ lórí ìlà, ìbéèrè láti gbé nọ́ńbà lè di èyí tí wọ́n kọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lórí bíìlì kan náà tàbí nínú àkáǹtì yín lórí ìkànnì wọn, ẹ wo ọjọ́ tí àdéhùn yín máa parí. Bí ó bá ku oṣù mélòó kan, wọ́n lè bu owó ìjáde lé yín, ẹ sì ní láti mọ iye rẹ̀ kí ẹ tó pinnu bóyá ó sàn kí ẹ dúró. Gbèsè àti owó ìjáde kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lórí nọ́ńbà bí àwọn òṣìṣẹ́ orí fóònù ṣe máa ń jẹ́ kó dún létí. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà FCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, kò gba ilé-iṣẹ́ láyè láti di nọ́ńbà mú nítorí pé oníbàárà jẹ ẹ́ lówó. Gbèsè náà á wà bí gbèsè, nọ́ńbà á sì máa lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ rìn yí ilé ká, kí ẹ tọ ipasẹ̀ gbogbo ohun tó bá so mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tẹlifóònù. Àwọn ohun tí ènìyàn máa ń gbàgbé ni ẹ̀rọ aláàámù tó ń pe ilé-iṣẹ́ ààbò, ẹ̀rọ ìpè fún ìrànlọ́wọ́ tí àgbàlagbà tàbí aláìsàn ń so mọ́ ọrùn, ẹ̀rọ fáàsì, ẹ̀rọ tó ń gba káàdì báńkì, àti ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà tó ń ti ara tẹlifóònù ṣílẹ̀kùn. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣe fún wáyà bàbà, kò sì dájú pé wọ́n á ṣiṣẹ́ dáadáa lórí VoIP. Ẹ pe ẹni tó pèsè ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fún yín, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní tààràtà bóyá ó bá VoIP mu. Ti ẹ̀rọ ìpè àgbàlagbà, èmi kò ní gbà kí wọ́n pààrọ̀ ohunkóhun nínú ilé tí ó bá wà títí tí ìdáhùn yóò fi wọlé ní kíkọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pinnu ibi tí nọ́ńbà máa gbé

Èyí tó rọrùn jù ni kí nọ́ńbà bá íntánẹ́ẹ̀tì lọ sí ilé-iṣẹ́ tuntun kan náà. Ìbéèrè kan, ọjọ́ kan, bíìlì kan. Bí ilé-iṣẹ́ tuntun bá ń ṣe tẹlifóònù, tí kò sì sí ohun mìíràn tó ń dí yín lọ́wọ́, ẹ mú ọ̀nà yìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fáíbà kéékèèké àti àwọn tó ń lo 5G kò ṣe tẹlifóònù ilé rárá. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ẹ lè gbé nọ́ńbà náà fún ilé-iṣẹ́ kẹta tó jẹ́ pé VoIP nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún ẹni tó bá lè fara da wàhálà díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ńbà àti íntánẹ́ẹ̀tì ti já ara wọn sílẹ̀, ẹ sì lè pààrọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ní ìgbàkígbà láì tún fi nọ́ńbà wewu mọ́. Fóònù àtijọ́ yín kò di ìdọ̀tí pẹ̀lú: àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ATA, tí ẹ máa so mọ́ ráútà ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹ sì máa so fóònù mọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Fóònù àtijọ́ gan-an tí à ń fi ìka yí lè má lè tẹ nọ́ńbà jáde lórí àwọn àpótí wọ̀nyí, bí ó tilẹ̀ máa dún bí wọ́n bá pè é.

Bí ẹ bá mú ọ̀nà kejì yìí, ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn kò gbọdọ̀ ṣáájú níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tuntun wọlé, kí ó sì ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ VoIP, kí ẹ dán an wò pẹ̀lú nọ́ńbà ìgbà díẹ̀ tí wọ́n bá fún yín, kí ẹ tó ní kí wọ́n lọ gba nọ́ńbà yín wá. Nígbà tí nọ́ńbà bá sì ti dé, tí ẹ ti fi etí ara yín gbọ́ ọ, nígbà náà ni ẹ máa bi ilé-iṣẹ́ àtijọ́ bóyá ohunkóhun ṣì kù lórí àkáǹtì yín tí ẹ ní láti parí. Fún sáà kúkúrú, ẹ máa san owó ní ibi méjì. Ẹ kà á sí owó ìṣọ́. Ó kéré sí ohun tí ẹ máa ná láti sọ nọ́ńbà tuntun fún gbogbo ẹni tó mọ èyí tó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan lọ. Ó ṣeé ṣe níbi tí okùn tuntun bá yàtọ̀ sí ti àtijọ́, àmọ́ ẹ béèrè iye tí tẹlifóònù nìkan ń jẹ́ lóṣù, nítorí pé ó sábà máa ń wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí a bá ti yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀.

Bí ẹ bá ń kó ilé lọ ní àkókò kan náà, ẹ sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà orí wáyà ní kóòdù agbègbè, kò sì dájú pé wọ́n á gbà kí ó bá yín dé agbègbè tó ní kóòdù mìíràn. VoIP ni ó sábà máa ń yanjú èyí, nítorí pé kò bìkítà ibi tí ilé wà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tí ẹ máa bi ilé-iṣẹ́ tuntun kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé

Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè gba nọ́ńbà yín gan-an. Ẹ má gba ìdáhùn pé àwọn máa ń gba nọ́ńbà. Ẹ ka nọ́ńbà náà sí wọn létí, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ béèrè bóyá nọ́ńbà àti íntánẹ́ẹ̀tì máa wọlé lọ́jọ́ kan náà tàbí nọ́ńbà máa tẹ̀lé e lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àti bóyá ìlà àtijọ́ máa wà láàyè títí dìgbà yẹn.

Ìbéèrè iná mànàmáná ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Tẹlifóònù orí bàbà ń gba iná tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́, nǹkan bíi fóòlùtì (volt) 48, ìdí nìyẹn tí ó fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ nínú ilé. VoIP kò ní irú àǹfààní yìí: bí iná bá lọ, ráútà kú, fóònù náà kú, ìpè pàjáwìrì sí 112, 911 tàbí 999 kò sì lè jáde lórí rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń fún ènìyàn ní bátìrì ìrànwọ́, àti wákàtí mélòó ni ó lè gbé. Bí fóònù alágbèéká kò bá gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa nínú ilé yín, ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ìyókù. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń fi àdírẹ́sì yín sílẹ̀ fún ìpè pàjáwìrì, nítorí pé nọ́ńbà VoIP lè wà níbikíbi. Bí ẹ kò bá kọ àdírẹ́sì náà sínú àkáǹtì, ọkọ̀ ìrànlọ́wọ́ lè lọ sí ilé tí ẹ ti kó kúrò.

Ẹni tó ní kámẹ́rà tó ń wò láti ọ̀nà jíjìn, tàbí kọ̀ǹpútà tó ń wọ̀ láti ìta, gbọ́dọ̀ béèrè bóyá àwọn oníbàárà ń pín àdírẹ́sì IP kan (nọ́ńbà tí a fi ń dá ìlà kan mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) lò láàárín ara wọn, ohun tí wọ́n ń pè ní CGNAT. Ó wọ́pọ̀ lórí 4G àti 5G àti lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ fáíbà tuntun, ó sì ń dí ọ̀nà àbáwọlé láti ìta.

Ní ti ìyára, ẹ rántí pé bíìtì ni wọ́n ń fi polówó, báìtì sì ni kọ̀ǹpútà yín ń fi hàn nígbà tí ẹ bá ń gba fáìlì sílẹ̀. Bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi ìbéèrè sílẹ̀

Nígbà tí ẹ bá ń kún fọ́ọ̀mù, ibì kan máa wà tí wọ́n ti ń bi yín léèrè bóyá ẹ fẹ́ nọ́ńbà tuntun tàbí ẹ fẹ́ mú ti àtijọ́ wá. Nígbà mìíràn ó fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, nọ́ńbà tuntun ni wọ́n ti yàn sílẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá fò ó kọjá máa gba nọ́ńbà tuntun, ti àtijọ́ á sì kú lọ́jọ́ ìpààrọ̀ láìsí ẹni tó ṣàṣìṣe bí kò ṣe òun fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìdágbére àkókò-kò-tó tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, èyí ni ọ̀nà kejì tí nọ́ńbà ń gbà ṣègbé. Ẹ dúró de ìwé ìfìdímúlẹ̀ tàbí íméèlì, kí ẹ sì wá nọ́ńbà yín nínú rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ètò tí wọ́n ń pè ní One Touch Switch ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó dé, ẹni tó ń ti orí okùn ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí orí okùn mìíràn tó yàtọ̀ pátápátá ló ń lọ pa àdéhùn àtijọ́ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nọ́ńbà ti sọnù. Nísinsìnyí, ilé-iṣẹ́ tuntun nìkan ni ẹ máa bá sọ̀rọ̀. Òun ló máa kàn sí ti àtijọ́, ẹ ó sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe sí nọ́ńbà. Wọn kò sì gbọdọ̀ gba owó àkókò ìfitónilétí (àkókò tí ẹ ní láti fi sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹ ń lọ) tó bá kọjá ọjọ́ ìpààrọ̀ lọ́wọ́ yín mọ́. Ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin ọdún 2018 tí mo mẹ́nu bà fi ìdarí iṣẹ́ náà sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun bákan náà, ó ní kí nọ́ńbà ṣiṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan sí ọjọ́ tí ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ó sì kà á léèwọ̀ láti gba owó gbígbé nọ́ńbà lọ́wọ́ oníbàárà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 1996 ló fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ, ọjọ́ iṣẹ́ kan sì ni wọ́n fi gbígbé tó rọrùn mọ. Ẹ fiyè sí ọ̀rọ̀ náà, tó rọrùn: ìlà kan ṣoṣo, tí ohun gbogbo inú ìbéèrè bá bára mu. Ìlà púpọ̀ lórí àkáǹtì kan máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àkókò ìdúró

Ilé-iṣẹ́ àtijọ́ máa kọ̀wé sí yín pé àwọn gbọ́ pé ẹ ń lọ. Ẹ kà á dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to àwọn iṣẹ́ tó máa dópin lẹ́sẹẹsẹ àti owó tí ẹ máa san. Bí nọ́ńbà kan tí ẹ kò dárúkọ bá wà nínú ohun tó máa dópin, àkókò nìyí láti dá a dúró. Wọ́n tún lè pè yín láti fi owó tó dínkù tàn yín padà. Kò burú láti gbọ́ ọ, bí owó náà bá sì tẹ́ yín lọ́rùn kò sí ẹni tó ní kí ẹ má dúró, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ohunkóhun tí ẹ kò tíì rí ní kíkọ, nítorí pé ó lè já sí àdéhùn tuntun tó máa fagi lé ìpààrọ̀ náà.

Ní àárín àkókò yìí, ẹ má fi ọwọ́ kan ìlà àtijọ́. Ẹ má ṣe béèrè fún àtúnṣe tí kò pọn dandan, ẹ má yí àdírẹ́sì padà, ẹ má sì sọ fún báńkì kí wọ́n dá sísan owó oṣù dúró. Ẹ gbọ́ àwọn ohùn tí wọ́n fi sílẹ̀ fún yín lórí tẹlifóònù náà, kí ẹ da ohun tó bá wúlò kọ, nítorí pé ohùn ìfìsílẹ̀ kì í bá nọ́ńbà lọ. Bí ẹ bá ní àdírẹ́sì íméèlì tó ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ àtijọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun inú rẹ̀ lọ sí ibòmíràn báyìí, pàápàá ti báńkì, nítorí pé wọ́n lè pa á tàbí kí wọ́n máa gba owó lórí rẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ Wi-Fi yín àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, lẹ́tà ńlá àti kékeré. Ẹ ó rí ìwúlò rẹ̀ láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ ìpààrọ̀

Ẹ so ráútà tuntun, kí ẹ sì dúró títí iná rẹ̀ á fi dúró sójú kan. Bí ráútà tiyín ni ẹ fẹ́ lò dípò tiwọn, ẹ ti gbọ́dọ̀ gba orúkọ ìwọlé àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ìlà ń lò lọ́wọ́ wọn ṣáájú ọjọ́ náà. Kí ẹ sì mọ̀ pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í fún ènìyàn ní àlàyé tẹlifóònù, tó fi jẹ́ pé inú ráútà tiwọn nìkan ni fóònù ti lè ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ inú ètò ráútà tuntun, kí ẹ fi orúkọ Wi-Fi àtijọ́ àti ọ̀rọ̀ aṣínà àtijọ́ sínú rẹ̀. Fóònù, tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kámẹ́rà inú ilé á padà wọlé fúnra wọn lójú ẹsẹ̀, bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ó sì ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ọ̀sán gbọọrọ tí wọn ì bá fi máa tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.

Tẹlifóònù wá kù. Bí ó bá jẹ́ VoIP, ẹ yọ fóònù kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, kí ẹ so ó mọ́ ihò tẹlifóònù tó wà lẹ́yìn ráútà. Ọ̀pọ̀ ni mo ti gbọ́ tó ń pariwo pé nọ́ńbà àwọn ti kú, tó sì jẹ́ pé ara ògiri ni fóònù ṣì wà. Bí ẹ bá ní fóònù ní yàrá púpọ̀, fóònù tí kò ní wáyà ló yá jù: ẹ so ìjókòó fóònù kan mọ́ ráútà, kí ẹ gbé àwọn ìyókù sí ibi tó bá wù yín.

Bí fóònù bá dún, àmọ́ tí ẹni tí ẹ pè rí nọ́ńbà mìíràn lójú fóònù tirẹ̀, nọ́ńbà ìgbà díẹ̀ ló ṣì wà lórí ìlà náà. Ẹ má fi fún ẹnikẹ́ni. Ẹ dúró kí tiyín dé.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láti ìta

Kò tó kí fóònù pe ìta. Ẹ ní kí àwọn ènìyàn pè yín wọlé láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó yàtọ̀ síra, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìpè sí nọ́ńbà tí wọ́n ti gbé lọ ṣì máa ń kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n pín nọ́ńbà náà fún ní ìbẹ̀rẹ̀, kí òun tó taari rẹ̀ síwájú. Bí òun bá gbàgbé láti tún àkọsílẹ̀ tirẹ̀ ṣe, àwọn kan á máa bá yín sọ̀rọ̀, àwọn kan á sì máa gbọ́ pé nọ́ńbà yín kò sí mọ́. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ aago tí wọ́n pè, nọ́ńbà tí wọ́n fi pè àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tuntun. Láìsí àlàyé yìí, wọ́n á kàn ní kí ẹ pa ráútà kí ẹ tún un tàn.

Bíìlì ìkẹyìn láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ á dé lẹ́yìn èyí. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ka ọjọ́ tó kọjá ọjọ́ ìpààrọ̀ mọ́ ọn, àti bóyá wọ́n dá owó tí ẹ ti san sílẹ̀ padà. Nígbà tí owó bá ti dọ́gba ni ẹ tó lè dá sísan owó láti báńkì dúró. Ẹ dá ráútà àtijọ́ padà bí ó bá jẹ́ tiwọn, kí ẹ sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí ìfiránṣẹ́, torí pé owó ráútà tí wọ́n ní àwọn kò rí gbà máa ń yọ jáde lẹ́yìn oṣù méjì.

Bí nọ́ńbà bá há sójú ọ̀nà

Bí wọ́n bá kọ ìbéèrè yín, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ gan-an. Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ tàbí àdírẹ́sì tí kò bára mu ni, tàbí nọ́ńbà àkáǹtì tí ó ṣì, tàbí iṣẹ́ kan tó ṣì ṣí sílẹ̀ lórí ìlà. Gbogbo wọn ló ṣeé tún fi ránṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ìlà àtijọ́ bá wà láàyè.

Bí ìlà àtijọ́ bá ti kú kí nọ́ńbà tó dé, ẹ pe àwọn méjèèjì lọ́jọ́ náà, kí ẹ lo ọ̀rọ̀ yìí: ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ àtijọ́ jí ìlà náà dìde lórí nọ́ńbà kan náà. Ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, dandan ni fún un láti ṣe bẹ́ẹ̀ bí gbígbé nọ́ńbà bá kùnà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹrin ọdún 2019 ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó wọ inú ètò ìsanpadà ti ń san owó fún oníbàárà, láìjẹ́ pé ó béèrè, bí iṣẹ́ tuntun kò bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá tàbí bí òṣìṣẹ́ wọn kò bá yọjú. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó bá dá yín lóhùn, ọjọ́, aago àti nọ́ńbà ẹ̀sùn sílẹ̀, nítorí pé ohun tí àjọ tó ń bójú tó wọn máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Ẹ má sì ṣe gba nọ́ńbà tuntun gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe títí láé nígbà tí wọ́n ṣì ń wá ti àtijọ́. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ti ìgbà díẹ̀ ni.